Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní Aké,
mo ṣí ìwé, mo fa ilà sí etí rẹ̀.
Nọ́ńbà kìíní: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.
Pásítọ̀ Ṣónúgà dìde, ó dijú,
ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbọ̀ngàn wa láti òrùlé dé ilẹ̀,
ó bo àga, ó bo fáànù tí kì í yí.
Alfa Kúforíjì gbà á níbẹ̀,
ó ka Fátíà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú.
A ṣe àmín. A tún ṣe àmín.
Ìgbà tí mo fi gbójú sókè, aago mẹ́wàá ti ń lọ lù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o.
Èmi náà ń kúnlẹ̀.
Orí ẹní ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, ní Ìtòkò,
obìnrin tí ohùn àdúrà rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹ́ná lọ.
Bó bá ti ṣe àmín, korobá ló kàn;
a ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta lọ sí kànga,
a ó pọn tiwa,
a ó pọn ti Ìyá Àrẹ̀mú tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó ń kírun lórí ìjókòó.

Nọ́ńbà kejì: ilé ìwòsàn kékeré ti Ìjẹmọ̀.
Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntọlá wọlé, aṣọ funfun rẹ̀ ti pọ́n,
omi òjò orí páànù tó dípẹtà ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.
Ó ní táǹkì ti là láti oṣù Agẹmọ.
Ó ní òun gbẹ̀bí ìbejì lóru Sátidé
pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù àti korobá omi kan.
"Èyí Táyé ké kí n tó mọ orúkọ bàbá wọn.
Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ ẹ̀sìn wo ni kí n kọ igbe náà sí?"
Ẹnì kan wúkọ́.
Alága ní a ti gbọ́, Ọlọ́run yóò pèsè.
(Mo ti kọ gbólóhùn yìí títí, mo ti gé e kúrú:
Ọ.Y.P.)

Nọ́ńbà kẹta kò pẹ́ rárá.
Ẹni mẹ́jọ lọ sí Mẹ́kà, ẹni mẹ́jọ lọ sí Jerúsálẹ́mù,
kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òṣùwọ̀n wa tẹ̀ sápá kan.
Owó kò tó; a bù ú lára owó omi.
Àwọn tí wọn kì í jọ mu nínú ife kan,
ọwọ́ wọn gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Ẹfúnyẹmí wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ó ní, "Àwa tí à ń bọ àpáta ńkọ́?
Tiwa kò la bàálù lọ,
owó ọ̀kadà dé ìdí Olúmọ ti tó wa."
Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.
Òun náà rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́:
ìbejì, fóònù, àpáta,
ìbéèrè nọ́ọ̀sì bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀.
Alága na ọrùn wo ìwé mi.
"Ìyáàfin Ṣóyọyè, ìyẹn kò sí lára ìpàdé.
Ẹ ya á, kí ẹ tún un kọ."
Mo ya á.
Ọmọ mẹ́ta ni mo ń san owó ilé-ìwé fún.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wúwo, bíírò mi a máa wọra.
Lórí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, tó funfun báláú,
bí èèyàn bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé,
yóò ṣì lè fi ìka kà á:
korobá. Igbe. Abẹ́ ẹ̀sìn wo.

Orí rẹ̀ náà ni mo kọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn sí:
àdúrà ìparí, aago kan kọjá díẹ̀.
Alfa ló ṣíwájú lọ́tẹ̀ yìí,
kó lè dọ́gba.